Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ sípíkà n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá dé ilé ẹni tó ra hóòmù-tíátà n'Íjẹ̀bú-Òde, páálí rẹ̀ ṣì máa ń wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn kì í jù ú nù. Nọ́ńbà tó wà lára páálí yẹn gan-an ni wọ́n fi ń yangàn: 10,000 wáàtì, ẹlòmíì á ní tòun jẹ́ 15,000. Ẹni tó rà á á ti nàka sí nọ́ńbà ọ̀hún fún àlejò kó tó tan rédíò rárá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀ nílé, ẹ rọra yí ẹ̀rọ náà padà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wáyà iná ti wọlé. Àkọlé kékeré kan wà níbẹ̀ tí oníṣòwò kì í fi han kọ́sítọ́mà. Ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lè má ju 60 wáàtì, 80, tàbí 120 lọ. Ìyẹn ni iná tí ẹ̀rọ náà ń fà lára ògiri. Họ́wù! Ẹ̀rọ tó jẹ 60, báwo ló ṣe wá ń bi 10,000?

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò gba kéèyàn kàwé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí “I better pass my neighbour”, agbára rẹ̀ kò ju bíi 650 wáàtì lọ. Ẹ ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó jẹ́ 1,000 wáàtì bọ̀ ọ́, ńṣe ló máa ké igbe oró, táá sì kú. Jẹnẹrétọ̀ yìí kan náà ló ń gbé tẹlifíṣàn, fáànù, gílóòbù mẹ́ta àti hóòmù-tíátà “10,000 wáàtì” láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mọ́kànlá òru, kò sì ráhùn. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

PMPO ni orúkọ tí wọ́n fún nọ́ńbà ara páálí yẹn. Kò sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo iléeṣẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kọ. Èyí tó ṣeé gbára lé ni RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa lò lọ láìdákú. Irú àsọdùn báyìí sú ìjọba Amẹ́ríkà débi pé lọ́dún 1974, àjọ FTC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ káràkátà níbẹ̀ ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ polówó áńpílífáyà inú ilé gbọ́dọ̀ sọ agbára tó lè gbé dúró, kì í ṣe èyí tó fò sókè lẹ́ẹ̀kan bí ọ̀bọ, tó sì já bọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, páálí ló ṣì ń ṣe agbẹnusọ.

Kì í wá ṣe pé ará Ìjẹ̀bú kò mọ ohùn tó dáa o. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni Rediffusion bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1939, nígbà tó sì yá, Ìjẹ̀bú-Òde náà wà lára ìlú tí wọ́n na wáyà rẹ̀ dé. Àpótí kékeré kan báyìí ni, sípíkà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, kò ní ibi tí wọ́n ń yí láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ló ń sọ, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá a lóhùn, làwọn àgbà bá sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀-má-gbèsì. Nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, òun ni sípíkà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni rédíògíráàmù dé, àpótí onípákó tó gùn bíi pósí, tí wọ́n ń nù lójoojúmọ́, tí ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tí owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ gbé wọlé ni ẹ̀rọ orin. Àwọn kan ò tíì ra bẹ́ẹ̀dì tó dáa nígbà náà o.

Orin tí wọ́n ń gbé sí i náà ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, baba àpàlà. Ó ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún HMV láti ọdún 1948. Nígbà tó di ọdún 1979, ó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ Phonodisk sílẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó níbẹ̀, sítúdíò tó ń gba ohùn sórí tíráàkì mẹ́rìnlélógún. Ẹ rò ó wò. Ìlú tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ayé ìgbà yẹn gba ohùn àgídìgbo sílẹ̀ lọ́tọ̀, ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, ti gángan lọ́tọ̀. Ọdún 1983 ni bàbá náà kú. Iṣẹ́ tó ṣe ò kú, àmọ́ sípíkà oníke ló kù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń gbọ́ ọ.

Bí àìsàn pípààrọ̀ sípíkà ṣe máa ń wọ èèyàn lára nìyí. Ọkùnrin kan ti ra hóòmù-tíátà, ó ti gbádùn ẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Ó wá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, lápá Mọ́lípà, ó bá sípíkà onípákó méjì tó ti gbó níbẹ̀, àpàlà sì ń lọ lábẹ́lẹ̀. Sípíkà yẹn ò pariwo. Àmọ́ ó ń gbọ́ bí ìka ṣe ń kan irin àgídìgbo, ó ń gbọ́ bí èémí olórin ṣe ń wọlé kó tó gbé e, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí gángan ń sọ. Ẹnu yà á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo ní nílé náà nìyí?” Bàbá ní òun náà ni. Bó ṣe délé, hóòmù-tíátà tó ń fi yangàn bẹ̀rẹ̀ sí í sú u.

Kí ló fà á? Sípíkà kéékèèké márùn-ún inú hóòmù-tíátà, ọ̀pọ̀ wọn ò ju agolo mílíìkì lọ, ohùn òkè nìkan ni wọ́n lè sọ. Àpótí wúfà tó wà nílẹ̀, béèsì tó ń ṣe gbì-gbì-gbì nìkan ni tiẹ̀. Ohùn àárín, níbi tí ohùn ọmọ èèyàn ń gbé, tí gángan ń gbé, tí sakasófóònù ń gbé, kò sẹ́ni tó gbà á ṣe nínú wọn. Ó dà bí ilé tí bàbá wà ní Kánò, tí ọmọ ìkókó wà nílé, tí ìyá sì ti lọ ọjà. Gángan kì í ṣe ariwo lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, oríkì ló ń kì. Sípíkà tó bá ti gé àárín rẹ̀ kúrò ti sọ ọ́ di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ọmọ tí wọ́n bí n'Íjẹ̀bú lẹ́yìn ọdún 2000, tó jẹ́ pé irú sípíkà yìí nìkan ló mọ̀, á ní orin àwọn bàbá òun ò dùn, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ rí.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sáré kó owó ẹgbẹ́ jáde, iṣẹ́ kan wà tí kò ní í ná an ní kọ́bọ̀. Ibi tí wọ́n gbé sípíkà sí ni. Nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ki í bọ̀. Ẹlòmíì gbé ọ̀kan sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó so ìkejì mọ́ òkè àjà bí ilé ẹyẹ. Sípíkà tó bá wà ní kọ̀rọ̀, ògiri méjì ló ń bá a gbé béèsì sókè, béèsì á wá bo ọ̀rọ̀ tó kù mọ́lẹ̀. Ẹ fà á jáde níbẹ̀, kó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àga tẹ́ ẹ jókòó sí bá ṣe jìnnà sí sípíkà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn, kí wọ́n sì kọjú sí yín díẹ̀. Tùwítà, ìyẹn èyí kékeré tó ń sọ ohùn òkè, kó ga tó etí ẹni tó jókòó. Bí kò bá sí tábìlì tó bá a mu, ẹ to búlọ́ọ̀kù síméńtì méjì lérí ara wọn, kẹ́ ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Búlọ́ọ̀kù kì í gbọ̀n, béèsì ò sì lè mì ín.

Pálọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́rásò tàbí táìlì, ògiri síméńtì, wíńdò gíláàsì, àjà POP, gbogbo wọn ló ń da ohùn padà bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá tó ṣófo, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń han padà. Irú yàrá bẹ́ẹ̀, kò sí sípíkà tó máa sọ òtítọ́ níbẹ̀. Rọ́ọ̀gì kan nílẹ̀ níwájú sípíkà, kọ́tìnnì tó nípọn, àga tìmùtìmù, kódà sẹ́ẹ̀fù tí ìwé kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ló máa gbé lára ariwo náà mì. Bí lúfà bá ń gbọ̀n nígbà tí béèsì bá lù, ẹ fi bébà ki í. Ọ̀rọ̀ páànù nígbà òjò nìkan ni kò ní oògùn. Ẹ pa rédíò, kẹ́ ẹ lọ sùn.

Ó wá ku wáyà. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń so wáyà mọ́ sípíkà, pupa wà, dúdú wà. Bí ẹ bá fi pupa sí pupa lápá ọ̀tún, tẹ́ ẹ wá fi pupa sí dúdú lápá òsì, nígbà tí sípíkà kan bá ń tì síwájú, ìkejì á máa fà sẹ́yìn, béèsì àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Ẹ ò ní mọ̀. Ẹ kàn máa ní sípíkà yìí ò lágbára, ẹ sì lè torí ẹ̀ ta ojúlówó ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tó mọ̀ ju yín lọ. Bí àwọ̀ ara wáyà bá ti pa rẹ́, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, èyí tó jẹ́ 1.5, kẹ́ ẹ fi orí rẹ̀ kan pupa, kí ìdí rẹ̀ kan dúdú, fírí báyìí ni o, ẹ má fi í síbẹ̀ pẹ́. Bí ojú wúfà bá sún síwájú, ẹ ti fi í sọ́nà. Bó bá sún sẹ́yìn, ẹ yí wáyà padà.

Ẹlòmíì á ṣe gbogbo èyí, á ní kí ló ń dààmú òun tẹ́lẹ̀, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀ ló kù kó lọ ọjà. Lẹ́yìn tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa dá rìn lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó ojúlówó sípíkà tuntun láti òkè òkun kúrò ní ohun tí tísà tàbí òṣìṣẹ́ kánsù lè fi owó oṣù kan fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá kiri. Díẹ̀ wà lápá Òkè-Ajé àti káàkiri ìlú, àmọ́ Alábà tó wà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó ni orísun wọn. Ẹni tó bá kúrò n'Íjẹ̀bú-Òde á gba Ṣágámù, á wọ Èkó, á tún la Èkó kọjá kó tó já sí ọ̀nà Bàdágìrì. Ẹni tó ti rin irú ìrìn yẹn nínú oòrùn àti gòósíló kì í fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tí oníṣòwò ń dúró dè gan-an nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ ń wò yẹn, ilé òyìnbó ló ti jáde tààrà. Ẹ gbé e lọ, ẹ máa padà wá dúpẹ́.”

“Àbúrò, tan án ká gbọ́.”

“Hàà, ẹ̀gbọ́n, kò síná báyìí. Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?”

Bí kò bá síná, ẹ má ra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán kọ́, ọ̀rọ̀ owó ni.

Kó tó tan án pàápàá, ẹ ní kó ṣí aṣọ iwájú sípíkà kúrò. Ẹ wo etí wúfà yípo, bóyá fóòmù ni tàbí rọ́bà. Sípíkà àwọn ọdún 1980 sí 1990, fóòmù ló pọ̀ létí wọn, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń jẹ fóòmù bí ikán ṣe ń jẹ páálí. Bẹ́ ẹ bá fìka kàn án tó ń rún bí àkàrà àná, kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe o, oníṣẹ́ rédíò tó mọṣẹ́ lè lẹ òmíràn mọ́ ọn. Àmọ́ owó iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tí oníṣòwò ń pè. Etí rọ́bà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì rọra ti ojú wúfà wọlé ní dọ́gbadọ́gba. Bó bá ń ha, tó ń dún bí ìgbà téèyàn fi èékánná fa bébà, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti wọ́ tàbí ti jóná. Ẹ gbé e padà fún un. Ẹni tó bá ní mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, kó mú un dání: sípíkà tí wọ́n kọ 8 ohms sí lára máa ń fi bíi 6 hàn lórí mítà, èyí tí kò bá fi nǹkan kan hàn, wáyà inú rẹ̀ ti já. Ẹ tún wo ẹ̀yìn wúfà ọ̀tún àti tòsì bóyá nọ́ńbà wọn jọra, torí pé nígbà mìíràn, òkú sípíkà méjì ni wọ́n pa pọ̀ di alààyè kan. Ẹ wo ìdí àpótí náà. Pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi ṣe, bí omi bá ti kàn án nínú kọ̀nténà, á ti wú bíi búrẹ́dì inú tíì.

Nígbà tó bá wá tan án, orin tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kì í ṣe orin tí òun bá gbé sí i. Oníṣòwò mọ orin tí béèsì rẹ̀ ń bo àléébù. Ẹ gbé àpàlà sí i. Àgídìgbo gbọ́dọ̀ nípọn láìwú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún bí ìlẹ̀kẹ̀ lára igbá, kì í ṣe bí ìgbà tí wọ́n ń dín ata. Ohùn olórin, ó gbọ́dọ̀ dà bí ẹni tó dúró sáàárín sípíkà méjèèjì.

Ẹ má sì torí orúkọ ara rẹ̀ nìkan sanwó, lébẹ́ẹ̀lì kò ṣòro láti lẹ̀. Gilbert Briggs, òyìnbó ará Yorkshire tó dá Wharfedale sílẹ̀ lọ́dún 1932, gbé sípíkà rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn Royal Festival Hall nílùú London lọ́dún 1954. Ó jẹ́ kí olórin ojúkorojú àti rẹ́kọ́ọ̀dù máa gbapò lọ́wọ́ ara wọn níwájú èrò, kí oníkálùkù fi etí ara rẹ̀ dájọ́. Yamaha náà ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní NS-10 lọ́dún 1978. Pálọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn onílé ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀, làwọn oníṣẹ́ sítúdíò bá gbé e lọ, ó sì di ohun tí wọ́n fi ń yẹ orin wò kárí ayé títí iléeṣẹ́ náà fi ṣíwọ́ ṣíṣe é lọ́dún 2001. Ẹni tó bá rí i ní Alábà, kó mọ̀ pé kò ní í pọ́n òun.

Sípíkà onípákó kì í dá ṣiṣẹ́, ó ń fẹ́ áńpílífáyà. Ibẹ̀ ni owó kejì ń gbà lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà kan wà tó máa ń ní dB lẹ́yìn, tó ń sọ bí sípíkà ṣe máa dún sókè tó pẹ̀lú iná kékeré. Sípíkà méjì lè jọra lójú, kí ọ̀kan jẹ́ 84 dB, kí ìkejì jẹ́ 90. Áńpílífáyà 20 wáàtì á mú èyí tó jẹ́ 90 dún sókè bí 80 wáàtì ṣe máa mú èyí tó jẹ́ 84. Kéèyàn náwó gọbọi kúrò ní 50 wáàtì lọ sí 100, díẹ̀ báyìí lohùn fi máa lé. Kó tó dà bí ìlọ́po méjì létí, wáàtì ọ̀hún gbọ́dọ̀ di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń sáré lé wáàtì ń fi ẹsẹ̀ wá ohun tó yẹ kó fi etí wá.

Ẹ wo ohms náà. Bí wọ́n bá kọ 8 sẹ́yìn áńpílífáyà, tẹ́ ẹ so sípíkà 4 ohms mọ́ ọn, tàbí tẹ́ ẹ so méjì tó jẹ́ 8 pọ̀ sójú kan ṣoṣo kí yàrá náà lè gbọ́, iná tí wọ́n máa fà lára ẹ̀ á ju agbára rẹ̀ lọ. Á gbóná, ó sì lè rú èéfín. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé áńpílífáyà kékeré tí wọ́n yí dé góńgó lè jó tùwítà kíá ju ńlá tí wọ́n ń rọra lò lọ. Bí ohùn bá ti ń pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́, tó ń ta létí, ẹ̀rọ náà ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ dín in kù.

Ṣé ẹ ti wo ẹnu wáyà iná áńpílífáyà tòkúnbọ̀ yẹn? Èyí tó ti Amẹ́ríkà dé, 120 ni wọ́n ṣe é fún, ti Japan jẹ́ 100, iná tiwa sì jẹ́ 220 sí 240. Kò sí àrífín nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa kì í bọ ògiri. Ẹ wá tiránsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, tó tóbi ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lọ, tàbí kẹ́ ẹ ra èyí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì wá. Sípíkà fúnra rẹ̀ kò mọ 110 yàtọ̀ sí 220, ìyẹn kò léwu. Ẹni tó bá ń lo ínfátà kó mọ̀ pé àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí iná wọn ò mọ́, tó jẹ́ pé hùn-ùn-ùn ni sípíkà á máa ṣe lábẹ́ orin. Áńpílífáyà kọ́ ló bàjẹ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ tú u.

Àwọn kan tún wà, wọ́n kà á sí pé ohun tó tóbi ló dáa. Wọ́n rí sípíkà tí wọ́n tò gègèrè lójú agbo níbi Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tàbí níbi òkú àgbà, wọ́n sì lọ ra irú ẹ̀ méjì wọ pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Wọ́n ṣe ìyẹn kó lè ju ohùn sí ẹni tó wà ní òpin pápá. Nínú yàrá, ńṣe ló ń gbá èèyàn létí. Ẹni tó bá ń gbọ́ irú ẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, etí kò sì ní tòkúnbọ̀.

Orin fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Fáìlì tí wọ́n gbà láti orí fóònù kan sí òmíràn, tí wọ́n ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojúlówó sípíkà á túbọ̀ tú àṣírí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé sípíkà tuntun délé, tí orin rẹ̀ wá ń dún bí ọkà tó ní òkúta, kó wá CD tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù orin kan náà kó tó bú oníṣòwò.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kù. Bí ìyàwó bá ní, “Dádì, ṣé sípíkà la fẹ́ jẹ lóṣù yìí ni?”, kì í ṣe àfojúdi. Owó ilé-ìwé ń bọ̀, gáàsì ti tán. Ọkọ tó gbọ́n kì í ra méjèèjì pa pọ̀. Ó lè ra sípíkà lónìí, kó yá áńpílífáyà ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò fún oṣù díẹ̀, kó sì fi ìyẹn mọ ohun tí sípíkà náà ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tó ń kùn, ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ohùn Bàtílì Àlàké tàbí Sàláwà Àbẹ̀ní tó jáde ketekete láìpariwo, àwọn gan-an ló máa ní kí wọ́n má gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Èyí tí wọn ò ní í gbà ni búlọ́ọ̀kù láìfi aṣọ bò ó.

Hóòmù-tíátà àtijọ́ náà, ẹ má tíì tà á. Ẹ fi í sí yàrá ọmọ tàbí ṣọ́ọ̀bù fún bí oṣù mẹ́ta. Bí tòkúnbọ̀ bá wọ iṣẹ́, ẹ ò ní jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ tà á dandan, ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ béèrè páálí. Ẹ fún un, àmọ́ ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà hàn án pẹ̀lú.